Ta Ni Ó Wà Lábẹ́ Tábìlì Rẹ?

Nínú ìtẹ̀jáde yìí, n kò fẹ́ kí a ṣe bí ẹni tí ó wà ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a fọ̀rọ̀ wérọ̀ bí ọmọ ìyá lórí nǹkan mẹ́ta tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: owó fàdákà, búrẹ́dì àti ajá. Bóyá ẹ ń rẹ́rìn-ín pé kí ni ó pa àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n pàdé nínú Bíbélì, wọ́n sì ń pàdé nínú ilé wa.

OWÓ TÍ Ó SỌNÙ

Àwọn ọmọ òde òní kò mọ owó onírin mọ́. Bí o bá mú tọ́rọ́ tàbí sísì jáde láti inú àpótí ìyá àgbà, wọn yóò bi ọ́ bóyá bọ́tìnnì ni. Àwọn àgbà àárín wa ni ó lè sọ fún wọn pé kọ́bọ̀ mẹ́ta àtijọ́ ni tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà ni sísì, kọ́bọ̀ méjìlá sì ni ṣílè kan. Láti 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ ṣílè tí a ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fàdákà gidi sì ni í ṣe nígbà náà. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ tiwa dé, ṣílè mẹ́wàá sì di náírà kan. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn ìyá wa lọ́jà tó yé pe kọ́bọ̀ 10 ní ṣílè. Ní 1991, náírà kan di owó onírin. Ní 2007, wọ́n rọ náírà méjì onírin pẹ̀lú. Lónìí, ta ni ó tún ń ná wọn?

Ṣùgbọ́n owó onírin kan wà tí a kò lè gbàgbé. Ó wà nínú Lúùkù 15:8-10. Obìnrin kan ní owó fàdákà mẹ́wàá, ọ̀kan sì sọnù nínú wọn. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo owó náà o, nítorí ó tó owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Ó tan fìtílà. Ó gbá ilé. Ó wá owó náà gidigidi títí ó fi rí i. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn aládùúgbò láti bá a yọ̀.

Ẹ tún ìtàn náà kà dáadáa. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ pé ó pe ẹnì kan láti ilé ìdáná, tí ó fọ́ ọ létí, tí ó ní, "Ìwọ lo jí i!" Ilé ni ó kọ́kọ́ gbá.

Nínú ilé tiwa ńkọ́? Bí owó bá sọnù lórí tábìlì, ta ni ojú ilé máa ń kọ́kọ́ wò? Ṣé ọmọ tí a bí ni? Rárá. Ọmọ tí a gbà tọ́ ni, ọmọ tí wọ́n mú wá láti etí omi, ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú mi mọ̀ pé wọ́n máa ń pè wá láti dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kò tíì parí àdúrà tí owó fi jáde: ó wà nínú àpò ṣòkòtò baba, tàbí ní ìdí ìró tí ìyá yọ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Inú gbogbo ilé á dùn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ti wú. Kì í sì í sí ẹni tí ń pe aládùúgbò jọ láti sọ fún wọn pé ọmọ náà kò jalè.

Nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe pe ìpàdé wa òní.

TA NI Ó JẸ BÚRẸ́DÌ?

Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àwọn baba ńlá wa. Púpurú àti ẹja ni àwa ará Ìlàjẹ mọ̀. Nígbà tí búrẹ́dì dé ilẹ̀ Yorùbá, àkàrà òyìnbó ni wọ́n ń pè é. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa àtijọ́ fi sọ pé ìṣù àkàrà ni ọmọdékùnrin inú Jòhánù 6:9 mú lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ènìyàn ni Amos Shackleford, ará Jamáíkà tí iṣẹ́ rélùwéè gbé wá sí Nàìjíríà ní 1913, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó ní 1921. Láti ìgbà náà, búrẹ́dì ti wọ gbogbo ilé. Ní ìhín ní Òde Mahin àti ní àwọn abúlé orí omi, a máa bá ọkọ̀ ojú omi dé. Ẹni tí ó ti Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa dé tí kò mú búrẹ́dì bọ̀, ojú àwọn ọmọdé ni yóò sọ fún un pé kò kí àwọn dáadáa.

Wàyí o, ẹ wo bí a ṣe ń pín búrẹ́dì náà. Baba gba tirẹ̀, ìyá gba tirẹ̀, àwọn ọmọ gba àárín rẹ̀ tí ó rọ̀. Ta ni a ń fún ní èèpo ìdí rẹ̀ tí ó ti le? Nígbà mìíràn, tí ó bá ti hu funfun díẹ̀ pàápàá, ta ni a ń pè pé kí ó wá gbà á?

Ọmọdékùnrin tí ó ní búrẹ́dì márùn-ún yẹn, Bíbélì kò sọ orúkọ rẹ̀, kò sì sọ orúkọ baba rẹ̀. Àárín àwọn àgbàlagbà ni ó wà, ọmọ ẹlòmíràn ni lójú wọn. Búrẹ́dì ọkà báálì ni, oúnjẹ tálákà, àwọn kéékèèké tí márùn-ún wọn wà lọ́wọ́ ọmọdé kan. Fílípì ti ṣírò tirẹ̀: ó ní búrẹ́dì igba owó fàdákà kò lè tó. Jésù kò bá a jiyàn owó. Láti inú ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ni ó ti bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, gbogbo wọn sì yó. N kò rò pé Olúwa jẹ́ kí ọmọ tí ó mú oúnjẹ wá fi ebi sùn lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì mọ ilé tí ọmọ tí ó se oúnjẹ, tí ó bu oúnjẹ, tí ó gbé oúnjẹ, ń dúró kí a tó rí ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo ibi tí búrẹ́dì àti fàdákà ti pàdé lọ́nà tí ó burú. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 37, àwọn arákùnrin Jósẹ́fù jù ú sínú kòtò. Ẹsẹ 25 sọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà: wọ́n jókòó láti jẹun. Ọmọ ń ké nínú kòtò, wọ́n ń jẹun lókè. Nígbà tí ó di ẹsẹ 28, wọ́n ti tà á ní ogún owó fàdákà. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí nínú ìtàn yìí ni oúnjẹ yẹn, pé ó lọ ní ọ̀fun wọn.

Ẹ̀yin ará, kò yẹ kí a wá àpẹẹrẹ rere lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní etí òkun wa níhìn-ín, ní 1947, àwọn Aládúrà kan tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀. Wọ́n ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì, wọ́n sì pinnu láti gbé bí ìjọ àkọ́kọ́ ti gbé: gbogbo ènìyàn ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan, oúnjẹ àti aṣọ sì ń ti inú àpò kan náà jáde. Láàrin ara wọn, kò sí pé ẹnì kan ń san owó oṣù fún ẹnì kejì. Ọ̀nà àjùmọ̀ní yẹn kò wà títí, a sì lè má gbà pẹ̀lú wọn lórí gbogbo ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí àwa Pẹ́ńtíkọ́sì fojú fò. Ní ìgbà tiwọn, wọ́n gbìyànjú pé kí tábìlì gbogbo ìlú jẹ́ ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lábẹ́ rẹ̀.

Lónìí, òkun ń jẹ Ayétòrò lọ, ó sì ti gba ilé ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí òkun bá gba ilé òbí, ibo ni wọn yóò kó ọmọ lọ? Ọ̀dọ̀ ìbátan ni, ọ̀dọ̀ ará ìjọ ni. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, arákùnrin mi, ipò wo ni yóò bá lórí tábìlì rẹ?

AJÁ INÚ ILÉ

Ó ku ajá. Nínú Máàkù 7:24-30, obìnrin kèfèrí kan wá bá Jésù ní agbègbè Tírè nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dá lóró. Olúwa sọ fún un pé àwọn ọmọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yó, kò sì tọ́ kí a mú oúnjẹ wọn jù sí ajá. Ọ̀rọ̀ yẹn le létí. Ṣùgbọ́n ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ ọ́, kì í ṣe ajá ìgboro tí ń jẹ ààtàn ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ajá kékeré inú ilé ni. Obìnrin yẹn sì gbọ́n. Ó dì mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní àwọn ajá tí ó wà lábẹ́ tábìlì pàápàá ń jẹ nínú èérún oúnjẹ àwọn ọmọ.

Ẹ kíyè sí ìgbà tí ajá náà ń jẹun. Wákàtí kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ń jẹ, nínú yàrá kan náà, láti inú oúnjẹ kan náà. Kò dúró di ọ̀la. Kò sí ẹni tí ó lé e jáde kí àlejò má bàa rí i. Olúwa gba ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọlé, ara ọmọbìnrin rẹ̀ sì yá ní wákàtí náà. Bí ó bá jẹ́ pé bí ajá ti rí nìyí nínú ilé tí Jésù ń sọ nípa rẹ̀, kí ni kí a sọ nípa ilé Kristẹni tí ọmọ ènìyàn ń jẹun nínú òkùnkùn ilé ìdáná nígbà tí àwọn yòókù ti pa iná sùn?

Ajá tún wà nínú Lúùkù 16:19-31. Lásárù dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà olówó, ó ń fẹ́ èérún tí ó ń bọ́ láti orí tábìlì. Àwọn ajá wá, wọ́n ń lá egbò rẹ̀. Olówó yẹn kò na Lásárù, kò lé e, kò bú u. Ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Nínú gbogbo ohun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ajá nìkan ni a gbọ́ pé ó súnmọ́ ọn. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí.

ỌGBỌ̀N OWÓ FÀDÁKÀ

Mo fẹ́ kí ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù 21:32. Òfin ni: bí màlúù bá kan ìránṣẹ́kùnrin tàbí ìránṣẹ́bìnrin ẹnì kan, ẹni tí ó ni màlúù yóò san ọgbọ̀n ṣékélì fàdákà fún ọ̀gá rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ ṣí Mátíù 26:15. Èló ni àwọn olórí àlùfáà kà fún Júdásì? Ọgbọ̀n owó fàdákà. Iye tí òfin fi sí orí ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi sí orí Olúwa wa. Ẹni tí ó mú àwọ̀ ìránṣẹ́ wọ̀ gba iye ìránṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí Júdásì sì da owó náà padà, Mátíù 27:7 sọ ohun tí wọ́n fi rà: ilẹ̀ amọ̀kòkò, láti máa sin àlejò sí. Owó orí Jésù ni ó ra ibi ìsinmi fún ẹni tí kò ní ènìyàn nílùú.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá fojú ọmọ ọ̀dọ̀ gbolẹ̀, ẹni tí iye rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti Olúwa wa ni a ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa pẹ̀lú. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú Òṣóogùn, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún fi gba tábà àti ọtí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ tí wọ́n fi gba tábà yẹn ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹni tí ó fi tábà ra Àjàyí lọ́jọ́ náà kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ìwọ náà kò mọ ẹni tí ó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé rẹ.

ÀWÍJÀRE

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ọ̀kan yóò ní, "Pásítọ̀, ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n mú un." Òótọ́ ni. Ṣé ó bẹ̀ ọ́ pé kí ó má lọ sí ilé ìwé? Òmíràn yóò ní, "Èmi náà jìyà lọ́dọ̀ ènìyàn kí n tó dà báyìí." Arábìnrin mi, bí Ọlọ́run bá yọ ọ́ kúrò nínú iná, ṣé kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń dá a ni? Ísírẹ́lì jẹ́ ẹrú ní Íjíbítì, ìdí yẹn gan-an ni Ọlọ́run sì fi pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára. Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọmọ náà ń jalè ẹran nínú ọbẹ̀." Ó ṣeé ṣe. Bá a wí bí o ti ń bá ọmọ rẹ wí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo abọ́ rẹ̀, bóyá ẹran wà níbẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí.

1. Ìkòkò kan, wákàtí kan. Ohun tí àwọn ọmọ ilé ń jẹ ni kí ọmọ tí a gbà jẹ, nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́.

2. Ilé ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní 2003 lòdì sí fífi ọmọ ṣiṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Kò yẹ kí ó jẹ́ òfin ìjọba ni yóò máa kọ́ àtúnbí ní àánú.

3. Bí owó bá sọnù, ṣe bí obìnrin inú Lúùkù 15. Tan iná, gbá ilé. Bí o bá sì ti fẹ̀sùn kan ọmọ náà tí owó wá jáde, bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo ilé. Àgbà tí ó bẹ ọmọdé kò sọ iyì rẹ̀ nù.

4. Pẹpẹ ìdílé. Jẹ́ kí òun náà ka Bíbélì, kí òun náà gbàdúrà. Kì í ṣe pé kí ó máa gbá àgbàlá nígbà tí ẹ̀yin ń kọrin.

5. Jẹ́ kí ó máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Lóde òní tí fóònù wà, ọ̀nà kò jìn mọ́.

6. Ẹ̀yin òbí tí ó ń fi ọmọ sílẹ̀, ẹ má ṣe fi ọmọ lé ẹni tí ń kó ọmọ kiri nítorí owó. Ẹ mọ ilé tí ó ń lọ. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ lọ wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ ohùn Íṣímáẹ́lì nínú aginjù ṣí etí wa sí ohùn ọmọ tí ó wà nínú ilé wa. Kí ó má jẹ́ pé lórí oúnjẹ wa ni a ó ti jẹ gbèsè tí ọmọ wa yóò san. Kí tábìlì wa gbòòrò, kí búrẹ́dì má sì tán lórí rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ: Ẹ jọ ka Máàkù 7:24-30 àti Kólósè 4:1. (i) Ta ni ó jẹun kẹ́yìn nínú ilé wa lánàá, kí sì ni ìdí rẹ̀? (ii) Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ilé yìí tí a ti fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀, tí a kò tíì bẹ̀? Kí a bẹ̀ ẹ́ lónìí kí a tó sùn.